Bí Àtẹ̀gùn Ilé Wa Ṣe Gbé Mi Dé Ilé Aṣòfin

Onínúfùfù ni mí láti kékeré, n kò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ìfẹ́ ìlú ló gbé mi dé ìdí òṣèlú. Ìbínú ni. Ìbínú náà sì ní ojúlé tirẹ̀: ilé alájà mẹ́fà tí a ń gbé ní Mount Hope, ní Bronx, níbi tí elevator, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé wa ròkè ròdò, ti kú sí àárín àjà kejì àti ìkẹta, tó sì jókòó síbẹ̀ láti ìgbà ooru títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Àjà kejì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nítorí náà ìyà tiwa kò tó nǹkan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí ni ìyá àgbà kan ní àjà kẹfà, opó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Òkè. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́. Ó lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni ọ̀tá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti kú, Màmá kò tẹ títì mọ́. Bí Sọ́ńdè bá dé, yóò wẹ̀, yóò wọṣọ, yóò wé gèlè, yóò wá jókòó sí ojú fèrèsé láti máa wo àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ Ọlọ́run fún: kí òun fi ẹsẹ̀ ara òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gòkè lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan. Ìyàwó ilé kan, ará Gambia, tó wà ní àjà kẹrin ń bá a gbé omi inú ike. Ọkùnrin ará Dominican tó wà ní àjà karùn-ún ń bá a kó ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀. Ọkọ mi ló ń gbé àpò ìrẹsì. Bí mo bá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, kò ní jẹ́ kí n lọ. Yóò gbé tíì àti bisikíìtì sílẹ̀, ìròyìn gbogbo ìjọ yóò sì bẹ̀rẹ̀: ta ló bímọ, ta ló ra ilé sí Queens Village tí kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá wá sọ̀kalẹ̀, ọkọ mi á béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ Màmá ló ga àbí ẹnu wa ló gùn.

Mo pe onílé títí ẹnu fi fẹ́ bó mi. Mo kọ ìwé. Níkẹyìn mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣojú àdúgbò wa ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹni tó ti pẹ́ lórí àga náà débi pé àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri ṣì ní irun lórí. Akọ̀wé rẹ̀ gbọ́ mi tán, ó fún mi ní kàlẹ́ńdà. Mo ní ṣé kàlẹ́ńdà ni Màmá máa gùn sọ̀kalẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tún un sọ ní Yorùbá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì náà kò ta tó. Obìnrin yẹn wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní bí mo bá mọ iṣẹ́ náà ṣe ju ọ̀gá òun lọ, kí n jáde du ipò. Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi gbé e délé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“You want to run? Ìwọ tó o máa ń bá gbogbo ayé jà nítorí parking? Ta ló fẹ́ dìbò fún ìjà?”

Nígbà tó rí i pé n kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. “Ó dáa. Sọ fún mi. Kí ni mo máa máa gbé?”

Mo gòkè lọ sọ fún Màmá. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́,” ló wí. “Lọ. Ṣùgbọ́n bó o bá débẹ̀, elevator mi ni àkọ́kọ́ o.” Mo ṣèlérí fún un, mo sì mu tíì mi tán.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní New York, orúkọ èèyàn kì í ṣàdédé wọ inú ìwé ìdìbò. Àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé fún ọ kọ́kọ́, láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti wù ọ́: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ, tó ń gbé ní agbègbè náà. Ẹni tó gbé ìwé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí oníkálukú bó ṣe ń fọwọ́ sí i, kó tó fi orúkọ tirẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí nísàlẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga ní lọ́yà tó máa fi awò wo ìwé rẹ ní ìlà dé ìlà, kó lè rí ohun tó máa fi yọ ọ́ dànù.

A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù kò tíì lọ, lábẹ́ ojú irin tó gba òkè Jerome Avenue kọjá. Bírò ń dì lọ́wọ́ wa, ọkọ mi ń fi wọ́n sí abíyá kí wọ́n lè yọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ni àléébù mi jáde. N kò lè kan ilẹ̀kùn èèyàn kí n kàn na ìwé sí i. Mo ní láti kí i: iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ará ilé ńkọ́. Bí mo bá tún wá rí ẹsẹ̀ tó wú, nọ́ọ̀sì inú mi á jí, màá ní kí wọ́n gbé àga wá. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó béèrè èèyàn mélòó ló fọwọ́ sí i. Mo ní ẹnìkan.

“Ẹnìkan? At this rate, ọmọ ọmọ wa ló máa dé ilé aṣòfin.”

Màmá Òkè ló ní òun máa gbà wá. “Kó díẹ̀ nínú ìwé yẹn wá fún mi. Ẹsẹ̀ mi ni ò ṣiṣẹ́, ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.” Mo ṣàlàyé òfin fún un, ó ń mi orí, mo rò pé ó gbọ́. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ pọ̀ lágbègbè wa, ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé, wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Mo rò pé wọ́n á máa wá kí i, wọ́n á sì máa fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, Màmá da ìwé padà fún mi, gbogbo ìlà kún fọ́fọ́. Mo gbá a mọ́ra, mo jó nínú yàrá ìdáná rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì nù.

Lọ́yà tó ń bá wa ṣètò, obìnrin kúkúrú kan tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, wá tú ìwé náà wò lórí tábìlì oúnjẹ wa. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Mo wò ó, mo rí i: gbogbo orúkọ ló gùn ní ìrù bákan náà, bí lẹ́tà tí Màmá ń kọ sí mi bó bá fẹ́ kí n ra ata. Lọ́yà ní bí a bá gbé èyí sílẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ mi, wọ́n sì lè pe Màmá fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ ayédèrú.

Mo gun àtẹ̀gùn yẹn láìsinmi lẹ́ẹ̀kan.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí gbogbo eléyìí?”

“Èmi ni now. Mo call wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo explain. Gbogbo wọn ló ní, ‘Màmá, ẹ bá mi sign.’ Kò sí ẹyọ kan tí mo purọ́ mọ́.”

Òótọ́ ló ń sọ, mo sì mọ ibi tó ti wá. Nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, níbi tó ti ṣe akọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìwé ìpàdé ni, ìwé ìbánikẹ́dùn ni, ẹni tí kò bá ráàyè wá á ní “ẹ bá mi kọ orúkọ mi sí i,” ó parí. Bí akọ̀wé bá kọ̀, wọ́n á ní ó ń gbéraga. Ọwọ́ ẹnìkan ni ọwọ́ gbogbo wọn. Ohun rere ni, èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìbínú kò jẹ́ kí n rántí ohun rere kankan.

“Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé mi ni? Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bà á jẹ́?”

Ohùn mi dé àjà kẹrin. Ìyàwó ará Gambia ṣílẹ̀kùn. Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Ojú tì mí lójú ẹsẹ̀. Ta ni mí tí mo ń pariwo mọ́ ìyá tó tó bí mi, tí ohun tó ṣe kò ju pé ó fẹ́ràn mi lọ? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi awò rẹ̀ padà sójú.

“Dìde. Inú ẹ ti gbóná jù, a máa gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Nílùú yìí, ẹlòmíràn ò lè báni fọwọ́ sí i?”

“Rárá, Màmá. Oníkálukú ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é.”

“Ọjọ́ mélòó ló kù?”

“Márùn-ún.”

“Fún mi ní phone mi.”

Mo fa ìwé wọ̀nyẹn ya níwájú rẹ̀, inú mi bàjẹ́ gan-an. Òun ti ń tẹ fóònù. “Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Rárá, n ò lè bá yín sign mọ́. Ọwọ́ yín ni wọ́n ń béèrè. Èmi? Báwo ni mo ṣe máa sọ̀kalẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa gòkè.”

Wọ́n wá. Ọlọ́run, wọ́n wá! Ìyá lọ́tùn-ún, ìyá lósì, pẹ̀lú kóòtù nínípọn àti fìlà onírun, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi to àga sí àjà kọ̀ọ̀kan, ó ń pín omi bí ẹni tó ń pín ọtí níbi ìgbéyàwó. Ní àjà kẹta, ìyá kan tó sanra jókòó, ó di ògiri mú, ó ní, “Ibí yìí ni ìyá wa há sí láti August? And the landlord is collecting rent?” Ní àjà karùn-ún, òmíràn ní kí wọ́n máa gbé ìwé náà bọ̀ wá bá òun, Màmá pariwo láti òkè pé kó gòkè wá, pé òfin ni. Nígbà tí wọ́n dé òkè, wàhálà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan fẹ́ kọ “Ìyá Ìjọ” dípò orúkọ tó fi forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, nítorí pé oyè náà kò rọrùn fún òun láti gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Mo dúró níbẹ̀, mo fojú ara mi rí gbogbo ọwọ́ wọn. Ohun tí mo rí ju ìyẹn lọ ni pé ìbínú náà kì í ṣe tèmi nìkan mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń sọ lórí fóònù pé “Ọlọ́run á ṣe é” láti oṣù mélòó kan wá, orúnkún wọn ti sọ fún wọn báyìí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti pín àdúgbò láàárín ara wọn. Wọ́n mọ gbogbo arúgbó tó wà ní gbogbo ilé, nítorí àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ wọ́n. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Àwọn èèyàn ọ̀gbẹ́ni orí àga wá àṣìṣe lóòótọ́. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú àwọn tí a gbà lábẹ́ ojú irin, ṣùgbọ́n ìwé àjà kẹfà kò mì. Orúkọ mi wọ ìwé ìdìbò. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹfà, n kò mọ ọ̀rọ̀ míì sọ ju ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn lọ. Níbi àríyànjiyàn tí wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, ọ̀gbẹ́ni náà sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa ìdàgbàsókè. Èmi kàn bi í léèrè ìgbà tó gun àjà mẹ́fà gbẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìbò, mo wọlé, díẹ̀ báyìí ni mo fi jù ú lọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́, ibùdókọ̀ ìkẹyìn ló ti gbọ́. Ó ní òun kéde rẹ̀ sínú ọkọ̀ fún àwọn èrò, pé ìyàwó òun ti wọlé, ẹnìkan sì dáhùn pé kó jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn.

Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ lásán nìyẹn o, ṣùgbọ́n ní agbègbè wa, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ ìyókù. Onílé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun nínú páálí. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, nítorí kò sí òfin kankan tó yí padà. Orúkọ mi ló bà á lẹ́rù. Màmá ní kí n gbé ìbínú yẹn pamọ́ di ọjọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ ìkórè, ó wọ léèsì funfun, ó tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún débi pé ìyá tó jókòó tì mí fún mi ní gèlè rẹ̀ láti fi nu ojú.

Ní oṣù kìíní, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Albany láti búra. Ilé náà tóbi, òkúta ni gbogbo rẹ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì pọ̀ ju tiwa lọ, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Nígbà tí olórí ilé na ọwọ́ sí mi, orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó rò pé mo fẹ́ ṣubú, ó di apá mi mú. Àbá òfin mi lórí elevator wọ inú ìgbìmọ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, sùúrù ni iṣẹ́ ibẹ̀. Mo ń lọ ní ọjọ́ Ajé, mo ń bọ̀ ní ọjọ́bọ̀, ìwé ń tẹ̀lé mi. Bí mo bá se ọbẹ̀, màá bu ti Màmá, màá ní kí ọkọ mi gbé e wọ elevator. Ìṣẹ́jú kan ni, ó ti débẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gba àwọn ará àdúgbò ní ọ́fíìsì mi. Ẹni tó bá dé á gba nọ́ńbà, á jókòó. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí òtútù ti ń lọ, akọ̀wé mi pe nọ́ńbà tó kàn, Màmá Òkè sì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti léèsì ìkórè rẹ̀. Mo fò dìde, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá! Kí ló dé tí ẹ ń gba nọ́ńbà? Ẹ ò bá ti call mi.”

“Mo gba nọ́ńbà, ó ti yí kàn mí. Ẹjọ́ ni mo gbé wá. Mú bírò.”

Mo jókòó, mo mú bírò àti ìwé tí a fi ń kọ ẹ̀sùn. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti tún bàjẹ́, ọkàn mi ti ń gbóná sí onílé. Mo béèrè ẹni tó fẹ́ fi sùn.

“Ìwọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Nígbà tí elevator bàjẹ́, kò sí ọjọ́ tí n kì í rí ojú èèyàn. Bó o bá lọ, ìyàwó Gambia á dé. Bó bá lọ, ọkùnrin yẹn á dé. Ní báyìí gbogbo yín ń sọ pé Màmá lè sọ̀kalẹ̀. Òótọ́ ni, mo lè sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ?”

Mo fẹ́ ṣírò ìgbà tí mo jókòó lórí àga rẹ̀ gbẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti ju oṣù méjì lọ. Mo ní àbí ọkọ mi kì í gbé ọbẹ̀ wá ni.

“Ó ń gbé e wá, Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ fún mi, lórí ìkúnlẹ̀, pé ẹlòmíràn ò lè báni fọwọ́ sí i.” Ó na ìka sí ìwé tó wà níwájú mi. “Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, ojúlé wa, àjà kẹfà, ẹ̀sùn. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó gba ẹjọ́ náà ti ń fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i, ó sì tẹ̀ síwájú láti fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá dìde, ó ní ìyá tó kàn lẹ́yìn òun ti ń dúró tipẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kọjá ẹnu elevator, mo gba àtẹ̀gùn. Mo sinmi ní àjà kẹrin, nítorí àga Albany ti sọ mí di ọ̀lẹ. Kí n tó dé òkè, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn Màmá ṣí, mo sì ń gbọ́ òórùn tíì.